A Kì Í Ki Ìbọn Snider Lẹ́nu

Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí pé ṣé mo ti fẹ̀yìn tì kúrò nídìí ìwé kíkọ náà ni, ẹ má bínú. Ojú ló ń yọ mí lẹ́nu díẹ̀. Ohun tó dá mi padà sídìí tábìlì lọ́sẹ̀ yìí ni eré-oníṣe kan tí ọ̀kan nínú yín kọ, tó ní kí n bá òun yẹ̀ wò kí òun tó gbé e jáde. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó mọ ara rẹ̀, ó sì ti gbà pé kí n sọ ọ́ ní gbangba. Orí ogun Kírìjì ni eré náà dá lé. Ó dùn ún kà. Èdè rẹ̀ já gaara, àwọn ìyá inú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ìyá, Ògèdèǹgbé inú rẹ̀ kì í ṣe òrìṣà, ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ìran kẹta, mo mú báírò pupa.

Nínú ìran náà, ọmọ ogun Èkìtì Parapọ̀ kan dúró lórí òkè lẹ́bàá Ìmẹ̀sí-Ilé. Ìbọn Snider ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òǹkọ̀wé wa ní ó da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, ó fi ọ̀pá kì í, ó ju ọta sí i, ó tún fi ọ̀pá kì í, ó wá yìn ín. Ìlà mẹ́rin péré ni, ó sì dùn létí, nítorí ọ̀rọ̀-ìṣe *kì* ń padà wá bí ìlù. Àmọ́ kò lè rí bẹ́ẹ̀. A kì í ki ìbọn Snider lẹ́nu. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń fún òun lóúnjẹ.

Mo kọ́kọ́ rò pé àṣìṣe kékeré ni. Mo fa ilà sí i nídìí, mo kọ "Rárá o!" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì lọ jẹun. Ibi tí mo ti ń jẹun ni ọkàn mi ò ti balẹ̀ mọ́. Àṣìṣe yẹn kì í ṣe ti ọmọ yìí nìkan, èdè tí èmi fúnra mi fi kọ́ ọ ló tì í sí i. Òun náà ló sì gbé e dé ìparí eré rẹ̀, níbi tí Snider ti dún, tí Ìbàdàn sá, tí ìlù gbòde, tí eré parí. Ogun Kírìjì ò parí bẹ́ẹ̀. Tí a bá mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọta sí ìbọn yẹn, a ó mọ ìdí tí kò fi lè parí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti ìbẹ̀rẹ̀ wá. Ní 1853, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ìbọn tuntun kan tí wọ́n ń pè ní Enfield, nítorí pé ní Enfield, ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù, ni ilé-iṣẹ́ ìbọn ìjọba wọn wà. Ẹnu ni wọ́n ti ń ki òun náà, bíi ṣakabùlà àwọn ọdẹ wa. Ohun tó fi yàtọ̀ ni pé inú ọ̀pá rẹ̀ ní ilà tó lọ́ yípo. Ilà yẹn ló ń mú kí ọta máa pòyì bó ṣe ń jáde, kó sì lọ tààrà síbi tí a kọjú rẹ̀ sí. Inú ọ̀pá ṣakabùlà dán ní tirẹ̀, kò ní ilà kankan, ó sì ṣòro kí ọta rẹ̀ ba ohun tó bá jìnnà ju 100 yáàdì lọ.

Ní 1864, Prussia bá Denmark jagun. Ẹ̀yìn ni àwọn ọmọ ogun Prussia ti ń ki ìbọn tiwọn. Wọ́n lè wà ní ìdùbúlẹ̀ kí wọ́n sì máa fi ọta sí i, nígbà tí ẹni tó ń ki tirẹ̀ lẹ́nu ní láti nà ró kí ọ̀tá máa wò ó. Ara àwọn Gẹ̀ẹ́sì ò balẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n Enfield tó wà nílẹ̀ ti pọ̀ ju ohun tí wọ́n lè dà nù lọ. Wọ́n wá ẹni tó lè tún un ṣe. Iṣẹ́ ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Jacob Snider ni wọ́n mú, ìjọba sì gbà á wọlé ní 1866. Wọ́n gé ẹ̀yìn ọ̀pá Enfield, wọ́n fi ọmọrí irin kan tó ń ṣí sí ẹ̀gbẹ́ sí i. Ọmọ ogun á fa òòlù ìbọn sẹ́yìn, á ṣí ọmọrí, á ti ọta bọ̀ ọ́, á pa á dé, á yìn ín. Lẹ́yìn náà, á fa ọmọrí sẹ́yìn kí èèpo ọta tó ti jó lè yọ, á da ìbọn dojú dé, èèpo náà á sì jábọ́. Snider fúnra rẹ̀ ò jẹ èrè iṣẹ́ náà. Ọdún 1866 yẹn gan-an ló kú, nínú òṣì.

Ọta rẹ̀ ni kí ẹ fi ọkàn sí jù. Ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Boxer ló ṣètò rẹ̀: òjé ní iwájú, ẹ̀tù láàrin, ohun tó ń ṣáná ní ìdí, tí wọ́n wá fi idẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ká gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kátíríìjì nìyẹn. Ọmọ ogun tí ọwọ́ rẹ̀ já fáfá lè yin Enfield ní ẹ̀ẹ̀mẹta láàrin ìṣẹ́jú kan. Snider á dún tó ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá láàrin ìṣẹ́jú kan náà.

Òun ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé lọ bá Tewodros ní ilẹ̀ Ethiopia ní 1868. Òun náà ni àwọn ọmọ ogun Wolseley gbé wọ ilẹ̀ Asante ní 1873 sí 1874. Ṣùgbọ́n láti 1871 ni wọ́n ti tẹ́wọ́ gba ìbọn mìíràn, Martini-Henry, tí Snider sì ti ń di àlòkù. Ohun tí ọmọ ogun òyìnbó bá sì sọ kalẹ̀, oníṣòwò á bá a gbé e.

Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Nígbà tí Snider fi máa dé Kírìjì, tòkunbọ̀ ni, bíi ọkọ̀ tó ń ti Cotonou wọlé. Púpọ̀ nínú àwọn tó rán an wá, tòkunbọ̀ ni àwọn náà. Àwọn Sàró ni, ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí wọ́n ti kó àwọn tàbí òbí wọn lẹ́rú rí, tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Sierra Leone, tí wọ́n sì padà wá fìdí kalẹ̀ sí Èkó. Wọ́n dá ẹgbẹ́ Èkìtì Parapọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń dáwó, wọ́n ń ra ìbọn àti ọta ránṣẹ́ sílé.

Ẹ jẹ́ kí n wá wọ oko tèmi wàyí. *Kì* ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí à ń lò fún fífi ọta sí ìbọn. Ibo la tún ti ń lò ó? A ń ki aṣọ sínú àpò, a ń ki tábà sínú ìkòkò. Ohun tó ní ẹnu tí inú rẹ̀ sì jìn là ń ki nǹkan sí. Ìbọn tí àwọn baba wa kọ́kọ́ mọ̀ dáadáa ní ẹnu, inú rẹ̀ jìn, ọ̀pá ni wọ́n sì fi ń ti ẹ̀tù wọlé. Ọ̀rọ̀ náà bá a mu rẹ́gí. Ìbọn wá yí padà, ọ̀rọ̀-ìṣe ò yí padà. Títí di òní, a ń sọ pé ọlọ́pàá ki ọta sí ìbọn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó fi ọ̀pá ti ohunkóhun bọ ìbọn yẹn lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀-orúkọ náà ṣe bẹ́ẹ̀. *Ìbọn* ni ti ọdẹ, *ìbọn* ni ti ṣọ́jà. Ẹ rántí òwe àwọn àgbà: ìbọn ní apátí, ìbọn ò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọ ìbọn sí òun? Apátí ni irin tó ń mú kí ìbọn dún. Òwe náà ò fẹ́ ká máa yẹ ìbọn wò lára. Ìbọn ni ìbọn, ẹ sá! Fún ẹni tí wọ́n kọ ìbọn sí, òwe yẹn pé. Fún ẹni tó ń kọ ìtàn, kò pé.

Samuel Johnson, tó ń rìn láàrin búdó Ìbàdàn àti búdó Èkìtì Parapọ̀ bí oníṣẹ́ àlàáfíà, parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897. Ó ti kú kí ìwé náà tó jáde ní 1921, ọpẹ́lọpẹ́ àbúrò rẹ̀, Obadiah. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì sì ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ìbọn tí inú rẹ̀ dán, fún èyí tó ní ilà, àti fún èyí tí à ń ki lẹ́yìn. Nígbà tí àwa bá wá ń sọ ìtàn yẹn ní Yorùbá, lórí rédíò, ní kíláàsì, lórí ìtàgé, gbogbo wọn á di ìbọn. Ìbàdàn ní ìbọn, Èkìtì ní ìbọn. Ọmọ tó ń gbọ́ wa á rò pé irú kan náà ni. Tí a bá sì fẹ́ fi ìyàtọ̀ hàn, a ó sáré dárúkọ Snider bí ẹni dárúkọ oògùn: Snider dé, ogun parí. Ìtàn méjèèjì ló ṣini lọ́nà.

Síbẹ̀, etí àwọn tó wà níbẹ̀ gbọ́ ìyàtọ̀ yẹn, mo lè búra. Àlàyé tí a jogún nípa orúkọ Kírìjì ni pé ìró ìbọn tó ń ta láàrin àwọn òkè ni. Ẹ fi wé àwọn ìró tí a máa ń fún ìbọn: *gbàù*, *kẹ̀ù*. Kúkurú ni, ó dún, ó tán. *Kírìjì* ní sílébù mẹ́ta. Ó fi ohùn òkè bẹ̀rẹ̀, ó já wálẹ̀, ó sì dúró sílẹ̀. Létí tèmi, ìró tó lọ kọlu òkè tó sì padà wá nìyẹn, tàbí ìró tí òmíràn gbà lẹ́nu kó tó tán. Bóyá àgbá ló bí i, bóyá ìbọn tó ń dún léraléra ni, a lè jọ jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tó dá mi lójú ni pé *gbàù* ò tó wọn ọ́n sọ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sójú ogun. Ní 1878, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì para pọ̀ láti bọ́ àjàgà Ìbàdàn kúrò lọ́rùn. Ìbàdàn pàgọ́ sí ìhà Ìgbájọ, Èkìtì Parapọ̀ pàgọ́ sí ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé. Ìbàdàn ló mọ ogun jíjà jù nílẹ̀ Yorùbá nígbà náà, àwọn ọmọ ogun wọn sì ti gbó lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Snider bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọ̀dọ̀ Èkìtì Parapọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1880 sókè, ẹni tó ń sáré bọ̀ pẹ̀lú ṣakabùlà á ti ṣubú kí ọta tirẹ̀ tó lè dé ibikíbi. Ìgboyà nìkan ò tó mọ́. Búdó di odi, búdó di ìlú. Ìbàdàn náà wá ìbọn irú rẹ̀ títí tó fi rí díẹ̀. Ààrẹ Látòóṣà kú sí búdó ní 1885, ogun ò sì parí.

Kí ló dé tí ò parí? Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ká ní ọmọ ogun kan ní ọta Snider 60 nínú apó rẹ̀. Tó bá yìnbọn bí ìbọn náà ṣe lè yá tó, ìṣẹ́jú mẹ́fà, apó ti ṣófo. Ọta ṣakabùlà, alágbẹ̀dẹ á rọ ọ́. Tí kò bá tilẹ̀ sí ọta, àwókù irin á ṣiṣẹ́. Ẹ̀tù ń wá láti etíkun, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọjà tí gbogbo ènìyàn ń tà ni. Kátíríìjì Boxer ńkọ́? Kò sí alágbẹ̀dẹ kan láti Iléṣà dé Ìjerò tó lè rọ irú rẹ̀. Ilẹ̀ òkèèrè ló ti ń wá. Òjé orí ọ̀kan ṣoṣo wúwo tó gíráàmù 31. Ẹgbẹ̀rún ọta, òjé rẹ̀ nìkan ti tó kílógíráàmù 31, ẹrù tó máa tẹ alárù lọ́rùn dáadáa. Ẹgbẹ̀rún ọ̀hún sì rèé, bí ẹni 20 bá ń yìn ín léraléra, ìṣẹ́jú márùn-ún ló máa tó wọn.

Ẹrù yẹn máa gba ojú ọ̀sà láti Èkó lọ síhà ìlà-oòrùn, á gorí ilẹ̀, á gba Oǹdó kọjá, kó tó dé òkè. Bí ojo bá rọ̀, bí ọ̀nà bá dí, bí owó bá tán ní Èkó, ọ̀pá irin olówó iyebíye ni Snider tó wà lórí òkè yẹn. Ìbàdàn mọ ìyà ọ̀nà dídí ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti dí tiwọn mọ́ wọn.

Nítorí náà, ohun tí mo rí ni pé Snider ò bá Èkìtì Parapọ̀ ṣẹ́gun. Ó bá wọn dí ọ̀nà mọ́ ẹni tó fẹ́ ṣẹ́gun wọn. Àwọn ènìyàn ló wá parí rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu: Johnson àti Charles Phillips, tí Gómìnà Moloney rán láti Èkó, àti àwọn ọba àti balógun tó fọwọ́ sí àdéhùn ní 1886. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni wọ́n kéde àlàáfíà. Àdéhùn yẹn ló fún àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ní òmìnira wọn. Títí di 1893 ni búdó méjèèjì ò tíì tú ká pátápátá.

Ìtàn "Snider ló ṣe é" kì í kú, nítorí ó dùn mọ́ ìhà méjèèjì nínú. Fún ọmọ Ìbàdàn, àwáwí ni: kì í ṣe pé ẹnì kan dá wa dúró, ìbọn òyìnbó ni. Fún ọmọ Èkó tí baba ńlá rẹ̀ dáwó, ìyangàn ni: àwa la rà á. Ẹni tí ìtàn náà fi sílẹ̀ ni alárù tó gbé kílógíráàmù 31 lórí láti Oǹdó, àti ọmọ ogun tó ń ka èyí tó kù nínú apó rẹ̀ lálẹ́.

Ẹlòmíràn tún wà tó ka ẹ̀kọ́ Snider yé, àwọn ìjọba Yúróòpù ni. Ní 1890 wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Brussels. Ohun tí a fi ń rántí rẹ̀ jù ni pé ó lòdì sí òwò ẹrú. Ṣùgbọ́n ó ní apá kan lórí ìbọn: láàrin ìlà 20 ní àríwá àti ìlà 22 ní gúúsù ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n fòfin de títa ìbọn tó ní ilà nínú àti èyí tí à ń ki lẹ́yìn. Ṣakabùlà tí inú rẹ̀ dán, ẹ máa tà á. Àwọn tó kọ òfin yẹn ò sọ pé ìbọn ni ìbọn. Wọ́n mọ èyí tí wọ́n fẹ́ kó wà lọ́wọ́ wa àti èyí tí wọn ò fẹ́. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní oṣù Karùn-ún 1892, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbé Maxim wọ Ìjẹ̀bú ní Ìmagbọn. Ẹ mọ bó ṣe parí.

Ọ̀rọ̀ yìí ò tíì tán nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní 2020, ọ̀kan nínú ohun tí gbogbo ènìyàn ń jiyàn lé lórí ni irú ìbọn tó yẹ kí wọ́n máa gbé. Kò sẹ́ni tó gbà pé *ìbọn* lásán ti tó fún ọ̀rọ̀ yẹn. Ṣakabùlà ni àbí AK? Tí ẹ̀mí bá wọ̀ ọ́, a máa ń dárúkọ. Nígbà tó bá di ìtàn nìkan la máa ń kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan.

Mo ti wá dá iṣẹ́ ọmọ yìí padà fún un. Mo pa ilà pupa tó wà lábẹ́ *kì* rẹ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe náà ò jẹ̀bi, èdè ní ẹ̀tọ́ láti na ọ̀rọ̀ rẹ̀ kó lè ká ohun tuntun. *Lẹ́nu* ni mo fi ilà pupa sí, nítorí ibẹ̀ ni irọ́ wà. Mo dá a lábàá pé níbi tó bá ti nílò ìyàtọ̀, kó lo *ìbọn àkìlẹ́nu* fún ṣakabùlà, kó lo *ìbọn àkìlẹ́yìn* fún Snider. Bí a ṣe ṣẹ̀dá *àlòkù* náà ni, kò sí àjèjì kankan nínú rẹ̀, ọdẹ tí ò kàwé á sì gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní èyí tó sàn ju ìyẹn lọ lẹ́nu àwọn baba yín tó jẹ́ ọdẹ, ẹ gbé e wá, màá sọ tèmi nù.

Ó pè mí lálẹ́ àná. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí mo bá yọ kíkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn, ìran náà á gbẹ." Mo ní kó má bẹ̀rù. Kó jẹ́ kí ọkùnrin yẹn ṣí ọmọrí ìbọn rẹ̀, kó ti ọta bọ̀ ọ́, kó pa á dé. Ìró irin kan ṣoṣo. Kó wá jẹ́ kó na ọwọ́ sínú apó láti mú òmíràn, kó sì jẹ́ kí àwọn òǹwòran rí ojú rẹ̀ nígbà tó bá ka mẹ́ta, tí ilẹ̀ sì ti ń ṣú, tí ẹnikẹ́ni ò sì tíì gbúròó àwọn tó ń bọ̀ láti Oǹdó.

Ó ní òun á gbìyànjú rẹ̀. Mo ń retí ìran kẹta.